Ẹsẹ̀ mi kò gbà kí n rìn kọjá ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ń gbà kí n sáré

TíṣàFẹ̀yìntì (Ìbàdàn), Ọjọ́ Ajé, aago 6:12 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kíkà ni mò ń kà níbí láti ọjọ́ yìí, n kì í kọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dìde lónìí, tí n kò bá sì sọ ọ́ jáde, á máa jẹ mí nínú.

Ọmọ ọdún 61 ni mí. Ó di ọdún kẹrin báyìí tí dókítà ti sọ fún mi pé àrùn Parkinson ló ń mú ọwọ́ ọ̀tún mi gbọ̀n. Kí n tó fẹ̀yìn tì, eré ìdárayá ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ girama, kò sì sí àárọ̀ tí n kì í sáré. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, mo lè kì í bọ àpò. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Tí mo bá dìde lórí àga tí mo rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ẹsẹ̀ mi á kàn lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹyẹ tó bà lé àtè. Ara fẹ́ máa lọ, ẹsẹ̀ kọ̀. Nígbà míì màá máa jó kítíkítí lójú kan bí ọmọdé tí ìtọ̀ ń gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n tí mo bá dé pápá ẹ̀yìn ilé wa, tí mo mú eré, ẹsẹ̀ yìí kan náà ló ń gbé mi lọ. Mo lè yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kò ní dúró.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo lọ gba owó ìfẹ̀yìntì ní báǹkì. Ẹ mọ irú ilẹ̀kùn tí wọ́n ń lò, èyí tó ń gba ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó ń há èèyàn sí àárín kó tó ṣí. Mo dé iwájú rẹ̀, mo di òpó. Èrò ń tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń pariwo. Ẹ̀ṣọ́ fà mí lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú. Ọkùnrin àdúgbò wa kan wà lórí ìlà. Ní ọjọ́ kejì, òun kan náà rí mi ní pápá tí mò ń sáré. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo òpópónà ti gbọ́ pé tíṣà ń díbọ́n. Lálẹ́, ìyàwó mi rọra bi mí pé, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ lè rìn ni àbí ẹ ò lè rìn?" N kò rí èsì fọ̀.

Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí tó ti rí irú èyí rí?

Sáré_Èkó, aago 7:05 àárọ̀

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ká ní àdúgbò yín ni mò ń gbé, bóyá èmi náà á rò ó bẹ́ẹ̀. Mo ti sá máràtọ́ọ̀nù Èkó lẹ́ẹ̀mejì, kìlómítà 42 àti díẹ̀, mo mọ ohun tí eré ń gbà lára èèyàn. Báwo ni ẹsẹ̀ tí kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà ṣe máa yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà? Ìbéèrè ni o, mi ò pe àgbà lópùrọ́.

Físíò_Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta), aago 8:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ̀yin nìkan kọ́, ẹ ò sì díbọ́n. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, ìyẹn fífi ìdárayá tọ́jú aláìsàn, mo sì ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Sáré_Èkó, jẹ́ kí n bá ẹ sọ ọ́. Nígbà tí ara dá, a kì í ronú kí á tó gbẹ́sẹ̀. Ibì kan wà ní ìsàlẹ̀ inú ọpọlọ tó ń bá wa ṣe é láìsọ fún wa. Òun ló ń sọ ìgbà tí ẹsẹ̀ máa kúrò nílẹ̀, bí ìgbésẹ̀ ṣe máa gùn tó, bí apá ṣe máa jù. Dopamine ni wọ́n ń pe èròjà tó fi ń ṣiṣẹ́. Nínú Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè èròjà yẹn ló ń kú díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì ti lọ kí ojú tó rí àmì kankan. Ẹsẹ̀ ò ṣe nǹkan kan o. Iṣan ẹ̀ wà níbẹ̀, agbára ẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń pàṣẹ pé "ó yá, gbéra" ni ohùn rẹ̀ ò jáde mọ́.

Àmọ́ ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ ń gba ibòmíràn nínú ọpọlọ dé ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dì mọ́lẹ̀ nínú pálọ̀ fi lè gun àtẹ̀gùn bí ọmọ ogún ọdún: ìpele kọ̀ọ̀kan ń fi ibi tí ẹsẹ̀ máa bà hàn án. Ní 1967, dókítà ọpọlọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, James Purdon Martin, kọ ọ́ sínú ìwé pé tí wọ́n bá fa ìlà ìdábùú sílẹ̀, àwọn aláìsàn tí kò lè gbẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń tẹ orí ìlà náà kọjá. Ní 2010, àwọn dókítà ní Netherlands gbé fídíò ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan jáde. Tó bá rin ìgbésẹ̀ díẹ̀, á dì, á ṣubú. Wọ́n gbé e gun kẹ̀kẹ́, ó wa kẹ̀kẹ́ lọ, ó yí i padà, ó wà á bọ̀. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ báyìí, ó tún dì.

Eré lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn tí wọ́n ń rìn dáadáa tí wọn ò lè sáré rárá.

Ìbéèrè kan ni mo ní fún yín, sà, ó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo àlàyé yìí lọ: tí ẹ bá ń sáré, ṣé ẹ lè dúró nígbà tó bá wù yín? Eré méjì ló wà nínú àrùn yìí. Ọ̀kan ni èyí tí ẹ̀yin mú. Ìkejì ni èyí tó mú yín: ìgbésẹ̀ á máa kúrú, á máa yára, orí á ṣíwájú, ẹsẹ̀ á máa lé orí. Nínú ìwé kékeré tí James Parkinson fúnra rẹ̀ kọ ní 1817, ó ti wà níbẹ̀ pé ara wọn a máa tẹ̀ síwájú, ìrìn wọn a sì máa di eré. Ìyẹn kì í ṣe ìdárayá, ilẹ̀ ló ń gbé èèyàn lọ.

Ohun kan tún ni: kí ẹnikẹ́ni má fà yín lọ́wọ́ mọ́ tí ẹ bá dì. Wọ́n á fa òkè ara lọ, ẹsẹ̀ á wà lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń ṣubú nìyẹn.

TíṣàFẹ̀yìntì, aago 9:30 àárọ̀

Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ìyàwó mi. Ó dákẹ́, ó lọ gbé omi gbígbóná fún mi. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Mo lè dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní láti sọ ọ́ fún ara mi bíi ìgbésẹ̀ márùn-ún ṣáájú. Orígun pápá ni mo ń bẹ̀rù. Mo ti ń gba ibẹ̀ ní gbọọrọ bí ọkọ̀ tírélà, n kò mọ̀ pé ọgbọ́n ni. Mo tún rí i pé bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń jẹ níwájú, ti òsì ṣì dà bí ọjọ́ tí mo rà á.

Físíò_Ẹ̀gbá, aago 10:02 àárọ̀

Bàtà yẹn ti sọ gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ń wọ́ nílẹ̀. Mo tún fẹ́ gbà pé apá ọ̀tún yín kì í jù bíi ti òsì. Ẹ fi ohùn sọ ọ́ tí ẹ bá ń rìn, "gùn, gùn", kì í ṣe "yára". Ẹni tó ń rò pé kóun yára ni ìgbésẹ̀ rẹ̀ ń kúrú. Ọgbọ́n orígun yín dára: ẹ má pẹ̀yìn dà lójú kan láé.

ÀǹtíManchester, aago 1:18 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá. Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì fẹ́ gbọ̀n mí, nítorí òdìkejì yín ni mo jẹ́. Èmi lè rìn láti àárọ̀ di alẹ́. Tí mo bá sáré dé nǹkan bíi kìlómítà kan, ẹsẹ̀ òsì mi á yí sínú, àtàǹpàkò á ká, màá máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Bí mo bá dúró, á tú. Bí mo bá tún sáré, á ká.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi wọ́ kiri. Wọ́n ní bàtà ni, mo pààrọ̀ bàtà. Wọ́n ní orúnkún ni, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kò sí nǹkan. Dókítà kan wá ní kí n sáré sẹ́yìn. Mo sáré sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ò ká! Ó wò mí lójú, ó ní bóyá ìdààmú ọkàn ni. Mo sunkún dé ilé lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú gbọ́, wọ́n ní ẹnì kan ló ta á mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan ní irọ́ ni mò ń pa fún ara mi, ìkejì ní ayé ni. N kò mọ èyí tó sàn.

Dókítà ọpọlọ tí mo wá rí níkẹyìn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Dystonia ni wọ́n ń pè é. Iṣan méjì tó yẹ kó máa gbà fún ara wọn, ọ̀kan kó fà kí ìkejì dẹ̀, àwọn méjèèjì á fà pọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń jí i: ti ẹlòmíì ìgbà tó bá ń kọ̀wé, tèmi ìgbà tí mo bá ń sáré síwájú. Àtisáré sẹ́yìn dáadáa yẹn, tí dókítà àkọ́kọ́ fi ní ọkàn mi ni, àmì àìsàn yìí gan-an ni.

Wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ botulinum toxin, oògùn tó ń mú kí iṣan dẹ̀, sí iṣan ẹ̀yìn ojúgun ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kò wò ó sàn, ó ń tú u ni. Ní ìlú yìí wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pè ní parkrun, kìlómítà 5 ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọ̀fẹ́ ni, ní 2004 ló bẹ̀rẹ̀ ní ọgbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gba ẹni tó ń rìn láyè. Ẹnì kan máa ń rìn gbẹ̀yìn pátápátá lórúkọ gbogbo wa, kí ẹnikẹ́ni má bàa jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Mò ń sáré ìṣẹ́jú mẹ́rin, mò ń rin méjì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń parí rẹ̀.

Ẹ sọ fún ará àdúgbò yín pé kó wá rí èmi náà.

Ọmọ_Àyàn (Ọ̀yọ́), aago 2:44 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n ÀǹtíManchester, ẹ ti yanjú ọ̀rọ̀ kan fún mi. Àgbà onílù kan wà ní agboolé wa. Tó bá ti gbé kọ̀ǹgọ́, ọwọ́ rẹ̀ á ká sínú bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á. Tó bá gbé ṣíbí, ọwọ́ gún régé. Wọ́n ní ó ba ìlù jẹ́ ni, ìlù ń bá a jà. Bàbá náà jókòó sílé títí wọ́n fi lọ. Kò sí ẹni tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà nítorí gbogbo wa rò pé a mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

EwéLàgbà, aago 4:10 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo gẹ̀ẹ́sì yìí ti pọ̀ jù. Àrùn òyìnbó ni wọ́n ń pè mọ́ yín lórí. Ẹ wá wèrèpè, ẹ yan irúgbìn rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ máa fi ìkúnwọ́ kan mu ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀. Àwọn òyìnbó gan-an ti mọ̀ pé oògùn tí wọ́n ń tà fún yín wà nínú rẹ̀. Tíṣà, ẹ pe nọ́ńbà yìí, [Aṣọ́Ojúde ti yọ nọ́ńbà kúrò].

Aṣọ́Ojúde (olùtọ́jú ojú-òpó), aago 4:25 ìrọ̀lẹ́

EwéLàgbà, ọ̀rọ̀ yín lè dúró, nọ́ńbà ò lè dúró. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí. A kì í ta oògùn níbí.

Físíò_Ẹ̀gbá, aago 5:50 ìrọ̀lẹ́

Mo fẹ́ dá EwéLàgbà lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, torí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Levodopa, èròjà tí ọpọlọ ń sọ di dopamine, wà nínú irúgbìn wèrèpè ní tòótọ́, òun kan náà ló wà nínú Sinemet, oògùn Parkinson tí ọ̀pọ̀ yín ń lò. Àwọn ará Íńdíà ti fi ń ṣe ìṣègùn tipẹ́, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti dán an wò. Àmọ́ àwọn yẹn wọ̀n ọ́n ní gíráàmù, wọ́n mọ iye levodopa tó wà nínú rẹ̀. Ìkúnwọ́ kan kì í ṣe ìwọ̀n. Irúgbìn ẹ̀yìn ilé mi ò rí bíi ti ẹ̀yìn ilé yín. Ẹni tó ti ń lo Sinemet tó tún da ìkúnwọ́ wèrèpè lé e, ara rẹ̀ lè máa yí bí ejò, inú lè máa rú u, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ tó bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà, tó bá wù yín, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà yín, ẹ má ṣe é ní kọ̀rọ̀.

Ti pé àrùn òyìnbó ni, rárá o. Ní 2023, ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Lancet Neurology. Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára àwọn tó ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n rí ìyípadà kan nínú jíìnì GBA1 (jíìnì ni ohun tí a ń jogún lára òbí) tó ń mú kí àrùn yìí tètè bá èèyàn. Ó wọ́pọ̀ lára àwa tí ìran wa ti Áfíríkà wá, ṣàṣà ni wọ́n rí i lára òyìnbó. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwa náà ló wà.

Sáré_Èkó, aago 6:31 ìrọ̀lẹ́

Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àárọ̀ jì mí.

Kí n sọ ohun tí mo mọ̀ ná. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní rọ́bà tó ń gbá ilẹ̀ mú ò dáa fún ẹsẹ̀ tó ń wọ́, á dá yín lọ́nà, ẹ wá èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú díẹ̀. Ẹ sáré kí oòrùn tó là. Kí ẹnì kan mọ̀ pé ẹ wà ní pápá, kí fóònù sì wà lápò. Físíò, ṣé eré yìí ń ṣe àrùn náà lóore àbí ó kàn ń múnú wọn dùn?

Físíò_Ẹ̀gbá, aago 7:15 alẹ́

Inú dídùn náà kì í ṣe kékeré. Àmọ́ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2018, wọ́n gbé èsì ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà. Èèyàn 128 tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn. Apá kan ń rìn kíkankíkan lórí ẹ̀rọ ìsáré ní bíi ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí ọkàn wọn ń lù dé ìwọ̀n 80 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó lè lù dé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àìsàn àwọn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì yẹ̀ kúrò níbi tó wà, ti àwọn tí kò ṣe ìdárayá ti le sí i. Kò sẹ́ni tó ní ó wò wọ́n sàn.

Ọmọ_Màmá (Òṣogbo), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:20 àárọ̀

Ẹ kú ìdájí o. Ìgbà tí màmá mi ń sùn nìkan ni mo ráyè. Ọdún méje ni mo ti ń tọ́jú wọn pẹ̀lú Parkinson. (Ọdún méjì àkọ́kọ́ lórí òkè àdúrà la lò ó. Ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìyẹn.)

Tíṣà, n kò gbọ́ kí ẹ sọ aago tí ẹ ń lo oògùn àti ohun tí ẹ ń jẹ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀wà ló ń dá wa láàmú kí n tó mọ̀. Màmá á lo oògùn aago méje, wọ́n á jẹ àkàrà lé e, aago mẹ́jọ wọ́n ti dì. Nọ́ọ̀sì kan ló wá sọ fún wa pé àmúaradàgbà inú ẹ̀wà, ẹran àti ẹyin ń bá oògùn náà du ọ̀nà kan ṣoṣo láti inú ìfun. Báyìí, oògùn kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú omi, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oúnjẹ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ tàbí ògì ni tàárọ̀. Mọ́ínmọ́ín di ti alẹ́. Tí wọ́n bá fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, ẹ má lò ó pọ̀ mọ́ ọn.

N kò rí i kà nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: ìkíni ló ń gbé màmá mi ṣubú. Yorùbá ni wá. Wọ́n ń rìn lọ, ẹnì kan á pariwo láti òdìkejì títì, "Ẹ kú àtàárọ̀, Màmá!" Wọn ò lè ṣàìdáhùn. Wọ́n á máa dáhùn, wọ́n á máa béèrè ọmọ, ọkọ, ọjà, wọ́n á sì tún máa rìn. Orí ò lè ṣe méjèèjì mọ́. Ẹsẹ̀ á dì, ara á máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi ojú gbá ilẹ̀, ìkan nínú rẹ̀ nítorí alágbo tí a ò tiẹ̀ jẹ ní gbèsè.

Àdéhùn wa báyìí: bí ẹnikẹ́ni bá kí wọn, wọ́n á dúró pátápátá, wọ́n á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á kí ẹni náà títí tó fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìgbà tó bá tán, wọ́n á kọ́kọ́ fì sí ọ̀tún, wọ́n á fì sí òsì, kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀. A máa ń lo wákàtí kan dé ibi tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì ṣubú láti ìgbà òjò èṣí.

TíṣàFẹ̀yìntì, aago 6:40 àárọ̀

Ìkíni! Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan nínú yàrá. Ilẹ̀kùn báǹkì yẹn, bí mo ṣe dé ibẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ kí mi pé "Ẹ káàárọ̀, sà," tí mo sì ń dá a lóhùn. Àkàrà ni mo sì jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọmọ_Àyàn, aago 11:09 àárọ̀

Físíò ní ohun tí etí bá gbọ́ ń gba ọ̀nà míì dé ẹsẹ̀. Ìlù ńkọ́? Mo lè gba nǹkan sílẹ̀ lórí fóònù fún Bàbá.

Físíò_Ẹ̀gbá, aago 12:20 ọ̀sán

Ó dára gan-an. Ẹ̀rọ tó ń dún kọ́, kọ́, kọ́ la máa ń lò ní ọsibítù. Tíṣà, ẹ ka iye ìgbésẹ̀ yín fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí oògùn ń ṣiṣẹ́ lára, kí Ọmọ_Àyàn lù ú ní iye yẹn. Kó má yára jù, kó má yí padà.

Ọmọ_Àyàn, aago 12:51 ọ̀sán

Ó yé mi. Ìyáàlù ò ní wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, Bàbá á fẹ́ gbọ́ oríkì tó ń kì wọ́n, ìkíni Òṣogbo náà lẹ tún gbé dé yẹn! Gúdúgúdú ni màá lù. Gúdúgúdú kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

TíṣàFẹ̀yìntì, aago 3:15 ọ̀sán

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. 96, 98, 96.

TíṣàFẹ̀yìntì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aago 7:48 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣèlérí ìròyìn fún ìyàwó mi, ó ní kí n kọ ọ́ kí n tó gbàgbé.

Ọmọ ọmọ mi ló bá mi fa ìlà. Mo ní kó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ìdábùú márùn-ún láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ẹnu ọ̀nà ìta, kí àárín ọ̀kan sí ìkejì tó ẹsẹ̀ méjì gígùn. Ọmọ náà gbádùn iṣẹ́ rẹ̀, ó fa á kọjá, ó fa á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé àtẹ̀gùn àwọn alábàágbé wa. Mo dìde, mo tẹ ọ̀kan, mo tẹ èkejì, mo kọjá ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé kò sí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Mo padà, mo tún un ṣe. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó, mo tún un ṣe.

Àfi bí a ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ìyá onílé ń pariwo nísàlẹ̀. Ẹnì kan ti fi ẹfun fa ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà òun! Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì ti mú ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé jáde, wọn ò fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti pe pásítọ̀. Ìyá onílé dúró lórí àtẹ̀gùn, ìborùn lórí, wọ́n ní, "Tíṣà, ta lẹ fẹ́ dè mọ́lẹ̀ nínú ilé mi?" Mo ní, "Màmá, èmi ni mo ti dè mọ́lẹ̀, mo fẹ́ tú ara mi ni." Ẹ ò rí i pé èsì yẹn ò ràn mí lọ́wọ́.

Ìyàwó mi ló bá mi yanjú ẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn wá wò. Mo wá sí ẹnu ọ̀nà tí kò ní ìlà, mo dì. N kò díbọ́n o, èrò ń wò mí, ìyẹn nìkan ti tó. Mo wá sí èyí tó ní ìlà, mo kọjá. Ìyá onílé ní kí n tún un ṣe. Pásítọ̀ náà dé bá wa níbi ìkẹta, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè ṣiṣẹ́ fún bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. A ti fi téèpù aláwọ̀ ìyeyè rọ́pò ṣọ́ọ̀kì báyìí kí àlejò má bàa sá. Ọkùnrin tó ní mo ń díbọ́n wà lára àwọn tó wá wò. Kò bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, tó bá rí mi ní pápá, ó ń gbé ọwọ́ sókè, kì í pariwo kí mi mọ́. Ó dà bíi pé ìyàwó mi ti bá a sọ̀rọ̀.

Eré ń lọ. Mo ti dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin yíká pápá, mò ń fi rírìn sáàárín bíi ti ÀǹtíManchester. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, orúnkún bó díẹ̀. Mo sáré kí oògùn tó wọra ni, ẹ̀bi tèmi ni. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ṣì ń ká ní ìdájí, dókítà ní ìgbà tí oògùn bá ti tán lára lóru ni, wọ́n ti yí aago rẹ̀ padà.

Lánàá la tún lọ sí báǹkì. Téèpù ò sí níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà náà kò sì yí padà. Mo dé iwájú rẹ̀, mo dì. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ìyàwó mi kò fà mí. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sílẹ̀ ní ìdábùú níwájú tèmi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ẹsẹ̀ mi." Físíò ló kọ́ ọ lórí fóònù. Ẹ̀ṣọ́ figbe ta: "Màmá, ẹ fẹ́ gbé bàbá ṣubú!" Kó tó sọ ọ́ tán, mo ti wà nínú.

Ọmọ_Àyàn, aago 8:03 alẹ́

Gúdúgúdú mi ńkọ́, Bàbá?

TíṣàFẹ̀yìntì, aago 8:10 alẹ́

Ó wà nínú fóònù. Iná ò sí láti ọjọ́ Àìkú, bátìrì ti kú, fóònù ẹlòmíì ni mo fi ń kọ èyí. Ìyàwó mi ló ń fi ẹnu lù ú.